Iná Tó Ń Wo Ọ̀gá Pátápátá

Ká tó sọ bí ọkọ̀ Ọ̀gá Pátápátá ṣe lọ gbá ògiri tí wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gá Pátápátá sí, ó yẹ ká kọ́kọ́ kí ọkùnrin náà dáadáa, torí bí a ò bá kí i, inú á bí i, ìbáà jẹ́ nínú ìtàn. Ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹ kú ìdìde. Ẹ kú mímí. Ó dáa, ó ti mi orí. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ìtàn lè máa lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bójú tó àwọn ọkọ̀ ìjọba, àwọn tó ń rìn, àwọn tí kò rìn mọ́, àtàwọn tí koríko ti hù gba inú wọn kọjá. Olùdarí ni ìjọba pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ di Ọ̀gá Pátápátá, ó ní olùdarí ti pọ̀ jù nílùú, àti pé ẹni tó ń darí mọ́tò ní oríta náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, kò ní í bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àfi bí òṣìṣẹ́ bá ti tò sí ẹnu ọ̀nà tán. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí Ọ̀gá bá dápàárá, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé àpárá ni.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ilé iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ létí Ọ̀gá Pátápátá pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò fẹ́ atẹ́gùn mọ́, òṣìṣẹ́ kan tí kò mọ̀ ju òtítọ́ lọ sì wọlé, ó ní, "Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́, sà." Ọ̀gá Pátápátá pe gbogbo ilé iṣẹ́ jọ nínú ooru ọ̀sán, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń fara ti ara wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "bí ọba bá lọ, ṣé a máa ń ní ó kú? A ní ó wàjà. Ṣé ọba wá ju ọ̀gá lọ ni? N ò dáhùn ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ má dáhùn ẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ àṣẹ mi kì í bàjẹ́. Ó lè sinmi. Ó lè ronú. Ó lè dúró kó máa wo òréré. Torí bó bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni... Ẹ bá mi parí ẹ̀ nínú ọkàn yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ti ń sinmi, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi rẹ̀ kò lọ ń ronú, tí òrùlé tó ń jò sì ń sunkún ayọ̀. Òṣìṣẹ́ tó sọ òtítọ́ ni wọ́n gbé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ táyà àlòkù kí ẹnikẹ́ni má jí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè tó máa jí i kò tíì dáyé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni awakọ̀ Ọ̀gá Pátápátá. Nílé iṣẹ́, Àna Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, torí àbúrò Ọ̀gá ló fẹ́. Nílé, Bàbá Ìbejì ni. Orúkọ ilé la óò máa pè é, torí ẹ̀gàn wà nínú ti ibi iṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń wakọ̀ fún tẹ́lẹ̀ kógbá sílé, Ọ̀gá Pátápátá ló fà á wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò rán an létí. Bàbá Ìbejì mọ ọkọ̀ í wà, ó sì mọ ilẹ̀kùn í ṣí fún ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kò mọ̀. Ẹni tí àna rẹ̀ fi iṣẹ́ sí lẹ́nu, báwo ló ṣe fẹ́ fi ẹnu kan náà sọ̀rọ̀?

Ẹ wá gbọ́ ti àsíá. Òfin ní Mínísítà àtàwọn tó jù ú lọ ló lè fi àsíá sórí ọkọ̀. Ọ̀gá Pátápátá ka òfin náà, ó ní òun rí ẹni tó lè fi í, òun ò rí ẹni tí kò gbọdọ̀ fi í. Ó ní kí wọ́n rán tirẹ̀: aṣọ búlúù tó ń dán, kìnnìún kan láàárín rẹ̀ tó di sítíárìn mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú. Wọ́n lu ihò sí mọ́gáàdì iwájú lápá òsì, wọ́n ki ọ̀pá irin gíga kan bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi bóòtù gígùn, irin tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì há, dè é mọ́lẹ̀ lábẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bóòtù yẹn sọ́kàn. Nínú gbogbo èrò inú ìtàn yìí, òun nìkan ni kì í pọ́n ọ̀gá lé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn àsíá ni iná kan tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, iná rúsúrúsú kékeré tí wọ́n kọ lẹ́tà ABS sí. Kì í ṣe iná ọ̀ṣọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, táyà lè gan pa, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ bí ọṣẹ, kí sítíárìn má sì wúlò mọ́. ABS yìí ló ń di táyà mú tó ń tú u sílẹ̀, léraléra, kó má bàa gan, kí awakọ̀ ṣì lè yà fún ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá wá tàn tí kò kú, ohun tó ń sọ ni pé òun ò sí lẹ́nu iṣẹ́ o, kí kálukú máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá rí i láti ẹ̀yìn tó jókòó sí. Ó béèrè ohun tó ń wo òun yẹn. Bàbá Ìbejì ní iná bíréèkì ni. Ọ̀gá ní kó sọ fún un kó má wo òun mọ́.

Òjò àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rù. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sì ń sọdá lábẹ́ agbòjò. Bàbá Ìbejì tẹ bíréèkì bó ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Táyà gan. Ó yí sítíárìn sápá ọ̀tún, ọkọ̀ ò gbọ́, iwájú gan-an ló ń yọ̀ lọ, níbi tí ọmọdébìnrin kan tó gbé báàgì pupa dúró sí. Ọmọ náà ò sá. Ó kàn ń wò. Nígbà tí ọkọ̀ máa dúró, ó ti sún mọ́ ọn débi pé ọmọ náà na ọwọ́, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó ń dá ajá dúró.

Àwọn èèyàn pariwo lójú títì. Fìlà Ọ̀gá Pátápátá ti já bọ́ sójú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ariwo nìkan ló gbọ́. Ó gbé fìlà sókè, ó rí èrò, ó sì juwọ́ sí wọn.

"Wọ́n fẹ́ràn mi ládùúgbò yìí," ló wí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì ò lè jẹun. Àwọn ìbejì rẹ̀, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọn ò sì ju ọmọ oníbáàgì pupa yẹn lọ. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ òun di apànìyàn. Ìyá Ìbejì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló rán an níwèé nígbà tí bàbá wọn kú, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa wò ó láti ìsàlẹ̀ sókè.

"Bá a sọ ọ́," ó ní. "Àmọ́ má sọ ọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ o, Bàbá Ìbejì. Ṣé o mọ̀ pé òun ló ṣe wá lóore."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ìbejì wa ọkọ̀ lọ sí ọgbà àtúnṣe. Olórí àwọn mẹkáníìkì níbẹ̀ ń jẹ́ Kòsíṣòro, torí pé ohun tó fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn, títí kan ìgbà tí jáàkì yẹ̀ tí ọkọ̀ jókòó lé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó pe Ìyá Oníwáyà, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ. Ìyá Oníwáyà ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ ibi tí wọ́n ń ki í bọ̀ lábẹ́ sítíárìn. Ojú ẹ̀rọ náà fèsì pé sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú lápá òsì ò fọhùn.

Ó ṣàlàyé fún Bàbá Ìbejì pé táyà kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka irin kan tó léyín yíká bí ayùn. Bí òrùka yẹn ṣe ń yí ni sẹ́ńsọ̀ ń rán iṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, pé táyà yìí ń sáré báyìí, tọ̀hún ń sáré báyìí. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, kọ̀ǹpútà ò ní gbẹ́kẹ̀ lé èyíkéyìí mọ́, á pa gbogbo ẹ̀ tì, á sì tan iná.

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n yọ táyà. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí ìdọ̀tí, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín òrùka náà títí ó fi ń dán, ibì kan náà la wà. Wọ́n fura sí sẹ́ńsọ̀, Ìyá Oníwáyà fi mítà wọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ yá. Họ́ọ̀bù tí táyà ń yí lé lórí ò mì. Ìgbà náà ni Ìyá Oníwáyà kíyè sí i pé bí họ́ọ̀bù bá dojú kọ iwájú, sẹ́ńsọ̀ a máa fọhùn díẹ̀. Bí wọ́n bá yí i sápá òsì, á dákẹ́. Ó ní kí Kòsíṣòro máa yí sítíárìn lọ, kó máa yí i bọ̀. Òun tan tọ́ọ̀ṣì, ó ki orí bọ abẹ́ mọ́gáàdì.

Bóòtù àsíá ló bá níbẹ̀. Ó gùn jù, ó yọ ẹnu jáde gẹ́lẹ́ níbi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ń gbà kọjá. Bí táyà bá ti ń yí, wáyà á máa fara ha á. Bóòtù ti ha wáyà náà títí ìhòòhò irin fi yọ, tí inú rẹ̀ sì já.

Kòsíṣòro àti Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kòsíṣòro pa tọ́ọ̀ṣì náà kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ ilé ìwẹ̀ bá àgbàlagbà.

"Wáyà tuntun ò ṣòro," ni Ìyá Oníwáyà wí. "Àmọ́ bí bóòtù yẹn bá wà níbẹ̀, á tún jẹ ẹ́. Bá a bá sì gé bóòtù, ọ̀pá gíga yẹn á wó lu gíláàsì. Àsíá ló gbọdọ̀ kúrò."

Kòsíṣòro ní kò sí ìṣòro. Bó ṣe wí i, èèyàn lè sunkún fún un.

Wọ́n jọ lọ bá Ọ̀gá Pátápátá, Kòsíṣòro níwájú, Bàbá Ìbejì lẹ́yìn. Ìyá Oníwáyà ní òun ní ọkọ̀ kan tó ń sinmi tí òun gbọdọ̀ jí dìde. Kòsíṣòro ti búra lójú ọ̀nà pé òun máa là á mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe là á.

"Sà, àsíá yín lógo. Ògo rẹ̀ pọ̀ débi pé táyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò lè fọhùn mọ́."

"Ìbọ̀wọ̀ ni," ni Ọ̀gá Pátápátá wí.

"Ìbọ̀wọ̀ ni, sà. Ìbọ̀wọ̀ náà ló wá fẹ́ pọ̀ jù fún bíréèkì. A rò pé, bó bá wù yín, kí àsíá náà kúkú sinmi díẹ̀."

Ojú Ọ̀gá Pátápátá ṣú. Àga lè sinmi, ẹ̀rọ lè sinmi, kí àsíá òun sinmi? Ṣé wọ́n ti gbàgbé pé Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn àyẹ̀wò ọkọ̀ tuntun, pé ojú gbogbo ayé máa wà lára òun, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n máa mú ẹni tí yóò jẹ́ akọ̀wé àgbà? Ó yíjú sí Bàbá Ìbejì. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ ń rìn. Bàbá Ìbejì ní ó ń rìn. Ó béèrè bóyá ó ń dúró.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti jáde nìyí. Ọmọ oníbáàgì pupa wá sójú ọkàn Bàbá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ náà wá, ìyàwó ló sì sún mọ́ ọn jù.

"Ó ń dúró díẹ̀díẹ̀, sà."

"Ohun ńlá kì í dúró lójijì," ni Ọ̀gá Pátápátá wí, ó sì dájọ́. Àsíá ò jẹ̀bi. Táyà ò jẹ̀bi. Iná ló jẹ̀bi, iná tó ń wo ẹni tó jù ú lọ láìṣẹ́jú. Kí wọ́n pa á. Ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ Bàbá Ìbejì létí pé bí ohunkóhun bá ṣe ọkọ̀ náà, ọwọ́ ẹni tó ń wà á ni òun ti máa béèrè, àna tàbí kì í ṣe àna.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọn ò bá Ọ̀gá Pátápátá pàdé. Òun ò sùn, ó ní kí wọ́n bo iná náà mọ́lẹ̀. Kòsíṣòro tún jẹ́ kó pé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tí kò bá tàn rárá nígbà tí wọ́n bá ṣíná ọkọ̀ á fu èèyàn lára, nítorí náà ó ní kí Ìyá Oníwáyà já wáyà iná ABS, kó so ó mọ́ ti iná ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ṣí ọkọ̀, méjèèjì á jọ tàn, méjèèjì á jọ kú, bí ọmọ rere. Ìyá Oníwáyà ṣe é. Ó ṣe é dáadáa, inú sì bí i pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, Bàbá Ìbejì á máa wọ́ bí ìgbín. Alùpùpù ń kọjá wọn, kẹ̀kẹ́ ń kọjá wọn, ìyá arúgbó kan tó ru igi gan-an kọjá wọn. Ẹ̀rù ló ń wà á. Ọ̀gá Pátápátá rò pé ó ń rọra kí àwọn ará ìlú lè rí òun dáadáa ni, ó sì yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé àna òun ti ń lóye.

Ọjọ́ àṣeyẹ pé. Gbọ̀ngàn tuntun náà ń dán, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ńlá wà láàárín rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n gbàràmù kan sì wà lókè níta tí yóò máa gbé ohun tí ẹ̀rọ bá rí han gbogbo èrò. Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀ ló ní kí tẹlifíṣọ̀n náà tóbi. Lẹ́bàá gbọ̀ngàn, wọ́n ṣe ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n da omi sí láti fi dán bíréèkì wò. Ní ìparí ọ̀nà náà ni wọ́n mọ ògiri kan, orúkọ Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n fi lẹ́tà irin kọ sí i gàdàgbà, wọ́n sì fi aṣọ bò ó títí dìgbà tí Mínísítà bá fa okùn. Bí ẹ bá ń béèrè ìdí tí wọ́n fi mọ ògiri sí ìparí ibi tí wọ́n ti ń dán bíréèkì wò, a jẹ́ pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá ní ibẹ̀ ni oòrùn ti máa tàn sí orúkọ òun dáadáa.

Mínísítà dé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń wo nǹkan bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọ̀gá Pátápátá dìde sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yìí," ó ní, "kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọọṣẹ́. Kì í purọ́, ìwà tó fi jọ mí nìyẹn. Kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í bẹ̀rù òtítọ́, ọkọ̀ tèmi gan-an ló máa kọ́kọ́ wọlé."

Bàbá Ìbejì wakọ̀ wọlé, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó pa ọkọ̀, ó tún ṣí i, iná méjèèjì jọ tàn, wọ́n jọ kú. Ọ̀gá Pátápátá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un ni pé iná nìkan ni wọ́n pa. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ìyá Oníwáyà, tí wọ́n ní kó wá máa ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀. Tẹlifíṣọ̀n gbàràmù tàn pupa. Ó wo ohun tó wà lókè, ó wo ojú Ọ̀gá Pátápátá, ó sì kà á bí wọ́n ṣe ń kà á nílé iṣẹ́ wọn.

"Táyà iwájú lápá òsì ń sinmi. Bíréèkì náà bá a sinmi."

Òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ wọn lára. Mínísítà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó béèrè ìdí tí bíréèkì fi ń sinmi. Ọ̀gá Pátápátá ní ó ń kó agbára jọ ni, mà. Mínísítà yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn sítíárìn.

"Ìwọ tó ń wà á. Kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?"

Bàbá Ìbejì rí Ìyá Ìbejì láàárín èrò, pẹ̀lú aṣọ tó dáa jù tó ní. Ó rí i pé ó ń mi orí fún òun díẹ̀díẹ̀, pé kó má sọ ọ́. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ kékeré yẹn ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ òjò.

"Ó bàjẹ́, mà," ló wí. "Ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Bóòtù àsíá ló gé wáyà ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fi pa ọmọ ọlọ́mọ."

Òṣìṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dákẹ́. Ojú Ọ̀gá Pátápátá pọ́n. Ó ní ẹ̀rọ náà ò tíì gbọ́n dáadáa, ó ní àna òun ò sùn dáadáa, ó ní òun máa fi ọwọ́ òun han ayé pé ohun tó wà lábẹ́ òun kì í bàjẹ́. Ó fa Bàbá Ìbejì sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn sítíárìn, ibi tí kò jókòó sí láti ọdún gbọ́nhan, ó sì ṣílẹ̀kùn kejì fún Mínísítà kó wá bá òun gùn ún.

"Ẹ máa lọ," ni Mínísítà wí. "Mo rí yín dáadáa láti ibi tí mo wà."

Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀gá Pátápátá tẹ iná mọ́ ọkọ̀, àsíá na gbọnrangandan, ó dé ojú omi, ó sì tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo ara. Táyà gan. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ. Ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, àwọn táyà yà lóòótọ́, ọkọ̀ ni kò yà. Ó ń lọ tààrà, láìyára, láìdúró, bí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ń sọ. Èrò ráyè wò ó. Òun náà ráyè wo aṣọ tó ń bọ̀ wá bá a, ó sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó gbá ògiri náà. Aṣọ já bọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa okùn, ọ̀pá àsíá tẹ̀, kìnnìún pẹ̀lú sítíárìn rẹ̀ bo gíláàsì iwájú, orúkọ rẹ̀ sì ń já bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Ilé ọba tó jó," ni Kòsíṣòro bẹ̀rẹ̀ sí í pòwe sókè, "ẹwà ló..." Ó rí ojú Mínísítà, ó sì gbé ìyókù mì.

Ọ̀gá Pátápátá jáde. Nǹkan kan ò ṣe é, a dúpẹ́, àfi fìlà rẹ̀ tó ti dojú kọ ẹ̀yìn. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká, ó sì kéde pé àyẹ̀wò ògiri náà ti yọrí, pé ògiri náà lágbára. Ó dúró de àtẹ́wọ́. Kò wá. Mínísítà rìn dé iwájú rẹ̀, ó wo ihò mọ́gáàdì, ó wo wáyà tó já, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gá Pátápátá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sinmi."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì, Kòsíṣòro ló sì gbé àpótí iwájú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ṣé ayọ̀ ló wá kún ilé Bàbá Ìbejì? Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́, àmọ́ Ìyá Ìbejì ò bá a sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á kọjá lọ. Lọ́jọ́ tó lanu, ohun tó sọ ò ju pé ọkọ òun ì bá ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú ayé, pé ẹ̀gbọ́n òun kan ṣoṣo ni òun ní. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Ìbejì, torí pé ó mọ̀ pé apá kan rẹ̀ tọ̀nà. Ká ní ó ti là á mọ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, bóyá ògiri ì bá ṣì dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀ ya ilé wọn nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, àlòkù tó ti wà ní gáráàjì láti ìgbà tó ti ń gun tìjọba. Kò ní awakọ̀ mọ́. Ó wá gbé àwọn ìbejì jáde kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn, ó ní àwọn nìkan ló kù tó ń kí òun tọkàntọkàn. Inú Ìyá Ìbejì dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Òjò ti ń ta díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ti wọlé sẹ́yìn, wọ́n ń ti ara wọn.

Bàbá Ìbejì tẹ̀ ba lójú fèrèsé láti kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó rí téèpù dúdú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí ẹni tó lẹ egbò. Iná rúsúrúsú kan ń yọ ojú létí rẹ̀.

"Ó ń wò mí," ni Ọ̀gá Pátápátá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Gbogbo ọ̀nà ló ń wò mí, Àna. Kò sẹ́lòmíì tó ń wò mí mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Bàbá Ìbejì. Ó ṣe é gidi. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lára gíláàsì. Ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí lọ síwájú, ó ṣílẹ̀kùn fún Ọ̀gá Pátápátá bó ti máa ń ṣí i fún un tẹ́lẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ó bàjẹ́. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ jẹun, ká jọ tún un ṣe lọ́la."

Ọ̀gá Pátápátá fi ọwọ́ lé sítíárìn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá àbúrò rẹ̀ máa gbà á sílẹ̀. Ìyá Ìbejì wo téèpù náà, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró sínú òjò. Ó fa àwọn ọmọ mọ́ra, ó sì wọlé lọ gbé àwo kan sí i.